Bàbá Mi, Ọmọ Ajá Yín Ti Mọ Èèyàn

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ wá àpótí kan kí ẹ jókòó, nítorí lẹ́tà yìí gùn. Mo rántí pé bí lẹ́tà bá dé sílé wa nígbà ayé yín, èmi ni mo máa ń kà á fún yín. Ẹ ó ti orín bọ ẹnu, ẹ ó ní kí n má sáré kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tí mo bá kà á tán, ẹ ó ní kí n tún un kà, pé ìgbà àkọ́kọ́ wà fún etí, ìgbà kejì wà fún inú. Bí mo ti ń kọ èyí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ọ̀yọ́, ńṣe ni mo ń kà á sókè fún yín. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà Akẹ̀sán ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ara Ìyá mi náà ti ń le, ṣùgbọ́n wọ́n ń bínú sí mi, ọ̀rọ̀ ajá ló sì fà á. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ajá yìí, ẹ ti sún mọ́ mi.

Ẹ rántí Èèyànṣòro. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn lẹ́yìn ìjà ilẹ̀ tí ẹ bá àbúrò yín jà, kí ó lè máa gbọ́ ọ nígbàkígbà tí ẹ bá ń pe ajá. Láti ọmọ ọwọ́ ni ẹ ti so ó mọ́ ẹ̀yìn àká nínú oko ní Ìkòyí-Ilé, níbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ ń po ata gígún mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ní ajá tó bá mọ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ ẹni tó ni ín. Bí àwọn bàbá yín ti ṣe é nìyẹn, bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín náà ti ń ṣe é nìyẹn. Ajá náà gbóná lóòótọ́. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, Ìyá mi tó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nìkan ló lè súnmọ́ ọn. Àlejò tó bá fẹ́ kí wa, ojú ọ̀nà ló ti máa ń pariwo.

Ohun kan wà tí a kò sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú lóko, ọkùnrin méjì tó ń ti oko wọn bọ̀ ló kọ́kọ́ rí yín nílẹ̀. Wọ́n sáré wá láti gbé yín. Èèyànṣòro dúró lé yín lórí, kò gbà. Wọ́n ju igi, kò lọ. Wọ́n ju iṣu sísun, kò tilẹ̀ wò ó. Ó bu ọ̀kan nínú wọn jẹ lẹ́sẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n lọ pe Ìyá mi wá láti ọjà kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn yín, ọ̀sán sì ti pọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ lò ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Dókítà kò sọ pé pípẹ́ yẹn ló fà á. Àwa náà kò bi í. Ṣé bí wọ́n bá tètè gbé yín ni, ẹ ì bá ṣì wà pẹ̀lú wa? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Mi ò bínú sí ajá, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ẹ̀yin ni mo bínú sí, Bàbá, mo sì ń gbé ìbínú náà kiri láìsọ fún ẹnì kan.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo bẹ Ìyá mi títí kí wọ́n wá máa bá mi gbé ní Ọ̀yọ́. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa kí yín láàárọ̀? Wọ́n ní ajá kan ṣoṣo tí yóò máa ṣọ́ àwọn ti tó. Ẹ mọ̀ pé ilé tó súnmọ́ wa jù lóko yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ojú Ìyá mi ti ń ṣe bàìbàì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí wọ́n bá ṣubú bí ẹ ti ṣubú ńkọ́? Ajá tí yóò lé olè ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n tí yóò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ wọlé.

Èèyànṣòro ti bímọ mẹ́rin nígbà náà. Ajá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ òun, a ò mọ ẹni tó ráyè bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nígbà tí ó já wọn lẹ́nu ọmú, òun náà tẹ̀lé yín. Àwọn ọdẹ kó mẹ́ta nínú ọmọ náà. Ó ku ẹyọ kan, akọ, pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó sì gbàgbé èkejì. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Mo sọ ọ́ ní Èèyànlaṣọ. Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ dá yín lóhùn. Iṣẹ́ télọ̀ lẹ ní kí n kọ́, orúkọ wo lẹ tún ń retí?

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dókítà ẹran. Àwọn ló fún ọmọ ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo sọ irú ajá tí mo fẹ́ fún wọn. Wọ́n gbé ọmọ ajá náà sókè, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀.

“Àǹtí Télọ̀, ẹ tètè wá,” ni wọ́n sọ. “Kó tó pé oṣù mẹ́rin báyìí, ohunkóhun tó bá fojú ire rí, kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ láyé. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọ̀hún á le o. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọdé, kó rí àgbà, kó rí onífìlà, kó gbọ́ ariwo mọ́tò àti ẹ̀rọ ata. Ṣùgbọ́n ẹ má fipá mú un. Tó bá sún sẹ́yìn, ẹ bá a sún sẹ́yìn. Kí òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ, kí ẹ wá fún un ní ẹja díẹ̀.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó ní kí n má fipá mú un. Ìwàǹwára yín ni mo jogún. Ọjọ́ ọjà ni mo gbé e lọ sí Akẹ̀sán, nígbà tí èèyàn ń gbá èèyàn. Lọ́rí kan dé ẹ̀yìn wa, ó tẹ fèrè, ọmọ ajá sì tọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, sórí léèsì oníbàárà mi kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo fín lọ́fíńdà sí i. Obìnrin náà kò mọ̀ títí dòní. Bí ẹ bá pàdé àwọn ará ilé rẹ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kàn án.

Ọjọ́ méjì ni Èèyànlaṣọ fi wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi tí kò jáde. Bí alùpùpù bá kọjá báyìí, á máa gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí ju òun lọ. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, pé Èèyànṣòro kejì ni mo ń gbé lọ fún Ìyá mi. Mo lọ jẹ́wọ́ fún dókítà ẹran.

“Ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ilé ìwé lẹ ní kó ṣèdánwò ìjáde,” ni wọ́n sọ. “Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.”

A bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Láàárọ̀ kùtù, kí ọjà tó kún, a ó lọ jókòó lókèèrè, níbi tí ariwo náà ti ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Mo ń ṣétí aṣọ, òun ń wòran. Bí ó bá na ìrù, a ó dìde, a ó sún díẹ̀ síwájú. Bí ó bá ki ìrù bọ abẹ́, a ó padà sílé, kò sí ìjà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó dé ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, ó sùn sórí ẹsẹ̀ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, ó ń hanrun.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo rántí yín. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo sá sẹ́yìn dáńṣíkí yín, tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi? Ẹ kò fà mí jáde. Ẹ dúró. Ẹ ní kí n kí ẹnì kan péré, ẹni tó bá wù mí. Mo kí ìyá oníṣu kan, ó fún mi ní ẹ̀pà. Kí a tó padà sílé, mo ti kí gbogbo ìlú, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ẹ fi kọ́ mi náà ni mo fi kọ́ ajá yìí, kì í ṣe òmíràn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ẹ̀yin lẹ máa ń wí i. Kí ló dé tí ẹ fi kọ́ ọmọ yín bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá so ajá yín mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Àfáà kan ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Mo fẹ́ kí ajá mọ ohùn àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kàn wọ́n, nítorí àlùwàlá. Mo ń dì í mú dáadáa. Lọ́jọ́ kan, okùn já mọ́ mi lọ́wọ́. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, bútà Àfáà ló sáré lọ lá.

“Súbúhánálláhì!” ni Àfáà wí.

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fọ bútà náà lẹ́ẹ̀méje, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ kún un. Àwọn ọmọ kéwú ń bá wọn kà á, “Ọ̀kan! Èjì!” bí ẹni ń ṣeré òṣùpá. Èmi wà lórí eékún, mo ń retí kí wọ́n ní kí n kó ajá mi kúrò ládùúgbò. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ajá ṣe gan-an. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá mi fún wọn, mo sì sọ ti yín. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Àfáà gbé bútà náà kalẹ̀. “Ajá tí yóò ṣọ́ oko, ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí. “Bí olùkọ́ tiwa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ máa mú un wá láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra okùn gidi.” Láti ọjọ́ náà, wọ́n gbé bútà wọn kọ́ sórí ìṣó lókè, wọ́n sì ń ju àkàrà sí Èèyànlaṣọ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Bí wọ́n bá ti yọjú báyìí, ajá á jókòó gbẹ̀dẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú.

Ti ìyá aláṣọ funfun tó ń ta ọṣẹ ní iwájú ilé wa tún kọjá bẹ́ẹ̀. Aládùúrà ni wọ́n, agogo kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Èèyànlaṣọ bẹ̀rù aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ yẹn, ó sì bẹ̀rù agogo. Mo bẹ ìyá náà kí wọ́n máa lù ú jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n gbà, pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni òun náà. Ẹ̀rù agogo lọ lóòótọ́. Ìyọnu tó kù ni pé lọ́jọ́ ìsinmi kan, bí wọ́n ti lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀gbẹ́ni yìí sá jáde nílé, ó gba àárín àwọn olùjọsìn kọjá, ó lọ jókòó síwájú, ó ń dúró de ẹja. Wọ́n ní ìwàásù ọjọ́ náà kò gùn.

Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́fà, mo gbé e padà lọ fún Ìyá mi. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, ó sùn. Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Sisí, ajá yín sanra o, Ògún mi sì ti ń béèrè oúnjẹ.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ìborùn mi bò ó títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo ti dé Ìkòyí-Ilé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni mo ṣe. Mo mú ajá kiri ilé dé ilé bí wọ́n ti ń mú ìyàwó tuntun lọ kí ẹbí ọkọ. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà oko wa kọjá ni mo jẹ́ kí ó fún un ní oúnjẹ lọ́wọ́, títí kan Gàníyù káfíńtà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ẹnì kan bi mí pé mélòó ni owó orí rẹ̀. Ìyá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. “Ajá tó ń kí gbogbo ayé,” ni wọ́n wí, “ṣé ajá nìyẹn àbí olóṣèlú?” Ṣùgbọ́n bí àlejò tí kò mọ̀ bá dé, á gbó kíkan, á dúró sójú ọ̀nà, á wo ojú Ìyá mi. Bí Ìyá mi bá sọ̀rọ̀, á yà. Ọdẹ kan wá jí adìyẹ wa nígbà kan, Èèyànlaṣọ sì jẹ́ kó gbọ́ tirẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú kálámù rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọyẹ́ yìí, Ìyá mi jí, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n padà wọlé láti mú gèlè wọn. Òòyì kọ́ wọn. Wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọn kò lè dìde.

Gàníyù ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí Èèyànlaṣọ sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó gbó òun. Ó ní òun rò pé ó ń tọrọ nǹkan jíjẹ ni. Ajá náà sáré lọ sílé, nígbà tí kò rí Gàníyù lẹ́yìn rẹ̀, ó tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Gàníyù wá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó ké sí obìnrin méjì tó ń lọ sóko, àwọn náà wọlé. Ajá sún sẹ́yìn fún wọn, ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi gbé Ìyá mi jáde. Kò bu ẹnì kankan jẹ.

Nígbà tí mo dé ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti sunkún láti Ọ̀yọ́ débẹ̀, mo rò pé òkú ni mo fẹ́ bá. Ìyá mi ni mo bá tó jókòó, tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sókè gan-an, ó ní bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n gbé wọn dé, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Bí Ìyá mi ti rí mi, wọ́n gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀.

“Irú ajá wo lo fún mi yìí?” ni wọ́n wí. “Mo wà nílẹ̀, gèlè ò sí lórí mi, ọkùnrin wọ yàrá mi, ajá ń jùrù fún un! Opó ni mí o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jáde sẹ́yìn ọsibítù, mo sunkún fún yín, irú èyí tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin yín. Ẹ kò mọ̀, Bàbá. Ẹ fẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ràn wà láìléwu ni, ẹ kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Mo mọ ọ̀nà mìíràn nítorí pé ẹ ti fi han èmi.

Wọ́n tètè dé ọ̀dọ̀ Ìyá mi, Bàbá. Ọmọ ajá yín ló mú wọn wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí kò bínú sí yín mọ́.